Ikọ́ Kan Nídìí Ṣẹ́ẹ̀sì

Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá, kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà, á gbọ́ ìró ayùn lápá ọ̀tún, á sì gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ lápá òsì. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni. Ọkọ ló ni ayùn, ìyàwó ló ni ẹ̀rọ. Ọkọ á kan àga, ìyàwó á rán tìmùtìmù tí wọ́n á gbé lé e. Káfíńtà ni tọmọdé tàgbà ń pe ọkọ. Ìyá Tìmùtìmù ni wọ́n ń pe ìyàwó, kì í sì í bínú sí i. Ó ní òótọ́ ni, ara òun rọ̀ bíi tìmùtìmù, ẹni tó bá fi ìdí jókòó lé òun nìkan ló máa mọ̀ pé abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ Káfíńtà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe àga ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ṣẹ́ẹ̀sì ni, ayò òyìnbó tí wọ́n ń ta lórí pákó. Tíṣà kan tó wá ní kí wọ́n bá òun kan àpótí ìwé ni òjò ká mọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ló bá yọ ṣẹ́ẹ̀sì inú báàgì rẹ̀, ó ní kí àwọn fi najú. Kí òjò tó dá, Káfíńtà ti mọ̀ ọ́n ta. Kò tó oṣù kan tó fi gbẹ́ tirẹ̀: ọba, ayaba, ẹṣin, bíṣọ́ọ̀bù, ilé ìṣọ́, àti àwọn ọmọ ogun tó gbẹ́ orí wọn rìbìtì bí orí ọmọ tuntun. Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ti le tí ọwọ́ bá dilẹ̀, àwọn tó ń lẹ táyà, àwọn télọ̀, àwọn tó ń kun ilé, gbogbo wọn á ya bo bẹ́ǹṣì Káfíńtà. Ariwo ni wọ́n fi ń ta á. Ẹni tó ń ta á á máa pariwo, ẹni tó ń wòran á máa pariwo jù ú lọ. Wọ́n á ní kó tètè gbé ẹṣin rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kó tó lọ jẹ koríko ikú. Wọ́n á ní ọba rẹ̀ ń wo ojú ọ̀nà bí onígbèsè tí olówó ń wá.

Ìyá Tìmùtìmù nìkan ni kì í pariwo, kì í sì í ṣe pé kò ní ẹnu. Obìnrin tó lè bá ògiri sọ̀rọ̀ kí ògiri dá a lóhùn! Píìnì ló máa ń há sáàárín ètè bó bá ń rán aṣọ, ẹni tó bá sì fi píìnì sẹ́nu sọ̀rọ̀ á gbé e mì. Nítorí náà, ikọ́ ló ń hú. Bí Káfíńtà bá ti fẹ́ gbé ohun tí kò yẹ kó gbé, á gbọ́ "ẹ̀hẹ̀ẹ̀m" lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ìyá náà ní ṣẹ́ẹ̀sì, kì í tiẹ̀ wo pákó. Ọrùn ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Bí ọrùn náà bá ti nà síwájú bí ọrùn adìẹ tó rí àgbàdo, ó mọ̀ pé ojúkòkòrò ti wọ ọkọ òun lójú. Á húkọ́, Káfíńtà á fa ọwọ́ sẹ́yìn, á tún un wò dáadáa. Gbogbo wọn ló mọ̀. Wọ́n á ní èèyàn méjì ló ń ta ṣẹ́ẹ̀sì yìí, ọ̀kan fi ojú ta á, ìkejì fi ọ̀fun ta á. Kò sí ẹni tó pè é ní ìrẹ́jẹ. Inú ṣọ́ọ̀bù ni, ta ló fẹ́ bá tọkọtaya pín ikọ́?

Ohun kan wà tí Ìyá Tìmùtìmù lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ rẹ̀, àwòrán kan tó gé lára kàlẹ́ńdà àtijọ́. Omi ńlá kan ni, tó ń já bọ́ láti orí àpáta, tó funfun bí òwú. Ìpínlẹ̀ mìíràn lomi ọ̀hún wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ló ti ń sọ pé òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i, Káfíńtà á sì dáhùn pé lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ bọ̀, ó sì kọjá. Wọ́n bí ọmọbìnrin wọn, ọmọ dàgbà, ọmọ relé ọkọ, omi ṣì wà lára ẹ̀rọ, eruku pákó sì ti sọ ọ́ di omi ẹrẹ̀.

Tíṣà ọjọ́sí náà ló mú ìròyìn wá. Wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ìpínlẹ̀ tí omi náà wà gan-an ni wọ́n sì ti fẹ́ ṣe é. Bí ìdíje bá parí, wọ́n á kó àwọn tó ta á àtàwọn òǹwòran lọ wo omi náà. Káfíńtà wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó wo àwòrán. Ìrìn kan, èrè méjì. Ìyá Tìmùtìmù rán báàgì tuntun fún ìrìn àjò, ó ra bàtà tí kì í yọ̀, ó sì rọra ṣí àwòrán náà kúrò lára ẹ̀rọ, ó tọ́jú ẹ̀ sápò. Ó ní òun á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi náà, káwọn lè mọ̀ bóyá ayàwòrán purọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì ni nǹkan ti kọ́kọ́ yí. Káfíńtà wọ kóòtù tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i, ó jókòó ṣinṣin bí ẹni tó ti ń lọ ìdíje látìgbà ìwáṣẹ̀. Ìyá Tìmùtìmù ní tirẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ó bi kọndọ́kítọ̀ ní orúkọ gbogbo òkè. Ó gba ọmọ ọlọ́mọ gbé. Nígbà tó yá, ó kéde fún gbogbo èrò pé ọkọ òun rèé tó ń lọ ta ṣẹ́ẹ̀sì, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi ọkọ òun sínú àdúrà. Àwọn èrò ṣe àmín, wọ́n yí ojú padà wo Káfíńtà. Káfíńtà fa fìlà bojú, ó ṣe bí ẹni tó sùn. Oorun kankan kò kùn ún. Ìyàwó ló ń tì í lójú.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ni wọ́n ti ṣe ìdíje náà. Wọ́n to tábìlì sí ìlà ìlà, wọ́n fi aṣọ funfun bò wọ́n, aago wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, gbogbo ibẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn òǹwòran jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ògiri. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Káfíńtà wo gèlè ìyàwó rẹ̀, ó wo báàgì tó ki fọ́fọ́ léjìká rẹ̀, ó wo ẹnu tó ti fẹ́ máa kí ẹni gbogbo.

Ó ní, "Jẹ́ kí n ṣíwájú. Ìwọ máa bọ̀ lẹ́yìn tó bá yá."

Ìyàwó rò pé ó fẹ́ kó ọkàn jọ ni. Ó dúró síta, ó ń wo òdòdó. Ìgbà tó wà níta yìí gan-an ni Adájọ́ ka òfin ìdíje. Obìnrin ni Adájọ́, ó wọ dígí ojú, ohùn rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n ó mú. Ó ní kò gbọdọ̀ sí ariwo. Ó ní ohun tí ọwọ́ bá kàn lọwọ́ máa gbé. Ó ní ará ìta kankan kò gbọdọ̀ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ì báà ṣe pẹ̀lú ẹnu, tàbí ọwọ́, tàbí ìró kankan. Bí ẹni tó bá ọ wá bá ṣe é, ìwọ lo pàdánù. Káfíńtà gbọ́ ọ délẹ̀délẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́. Nígbà tó wọlé tó sì rọra jókòó sẹ́bàá ògiri, Káfíńtà kò dìde lọ sọ fún un. Kò fẹ́ kí wọ́n rí òun lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ta á dáadáa. Ó na télọ̀ kan, ó na ẹni tó ń tún rédíò ṣe, ó na obìnrin aláró kan tó le bí òkúta. Bó ṣe ń borí ni kóòtù rẹ̀ ń fún mọ́ ọn láyà. Lọ́jọ́ kejì, ó ku òun àti bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Dírẹ́bà Àgbà. Bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà, síbẹ̀ ó jókòó sídìí ṣẹ́ẹ̀sì bí ẹni tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ó ń wo iwájú, kò yára, kò fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá borí lórí tábìlì yìí ló gba ife ẹ̀yẹ.

Wọ́n ta á títí, ojú Káfíńtà ń pọ́n. Ìgbà tó yá, ó rí bíṣọ́ọ̀bù Dírẹ́bà Àgbà kan tó dá dúró, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹṣin tirẹ̀ lè fò lé e. Ọrùn rẹ̀ nà. Ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó ń lọ sí orí ẹṣin, ó ku bí ìbú èékánná kó kàn án.

"Ẹ̀hẹ̀ẹ̀m."

Kò pariwo rárá. Bí ti ṣọ́ọ̀bù náà ni. Kò sí píìnì lẹ́nu ìyá náà, kò sí ète kankan lọ́kàn rẹ̀, ara rẹ̀ ló húkọ́ bó ṣe ti ń hú u láti ọdún gbọọrọ. Káfíńtà sì fa ọwọ́ sẹ́yìn bó ṣe ti ń fà á láti ọdún gbọọrọ. Ó tún un wò. Ó rí i: bí ẹṣin bá kúrò níbẹ̀ báyìí, ọba òun ti há, eré parí nìyẹn. Pàkúté ni bíṣọ́ọ̀bù náà. Ó gbé ilé ìṣọ́ dípò ẹṣin.

Dírẹ́bà Àgbà gbé ọwọ́ sókè. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún Adájọ́ pé òun kò fẹ́ fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ikọ́ kan wáyé, ọwọ́ kan sì padà sẹ́yìn, òun fẹ́ kí wọ́n bá òun wò ó. Gbogbo ojú yí sí ògiri. Adájọ́ bi Ìyá Tìmùtìmù léèrè pé ta ni ó bá wá. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé ọwọ́ sókè láti nawọ́ sí ọkọ rẹ̀, inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn pé wọ́n bi òun. Ṣùgbọ́n Adájọ́ ti yí padà sí Káfíńtà.

"Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ mọ ìyá yìí?"

Káfíńtà rí ife ẹ̀yẹ lórí tábìlì iwájú. Ó rí Dírẹ́bà Àgbà, ó rí gbogbo ojú wọ̀nyẹn.

"Rárá o. N kò mọ̀ wọ́n rí."

Ọwọ́ Ìyá Tìmùtìmù wà lókè síbẹ̀. Kò jẹ́ kó wálẹ̀ lásán. Ó gbé e lọ sórí, ó fi tún gèlè rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé ohun tó tìtorí rẹ̀ gbé e sókè nìyẹn. Ó ní kí wọ́n má bínú, eruku ló wọ òun lọ́fun, òun kàn yà wòran ni. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde. Bàtà tuntun náà kò dún.

Dírẹ́bà Àgbà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Káfíńtà. Wọ́n ń bá a lọ. Káfíńtà borí. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé ife lé e lọ́wọ́, ife náà fúyẹ́ ju bó ṣe rí lójú lọ. Ó gbé e jáde bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ tó ń ké, tí kò mọ ìyá tó máa gbé e fún.

Ilé àlejò kékeré kan ni wọ́n dé sí, ẹ̀yìn gáréèjì, ibùsùn kan, àga kan. Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó délé. Ìyá Tìmùtìmù ń pa aṣọ pọ̀ lórí ibùsùn, ó ti ya tọkọ sọ́tọ̀, ó ti ya tirẹ̀ sọ́tọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá," ló wí. "Ẹ kú oríire."

Ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì, àdúgbò kan náà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò sọ "ẹ" fún un rí, àfi bó bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ará ilé. Káfíńtà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé yẹ̀yẹ́ náà ni. Ìgbà tó wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ló bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní òfin wà, ó ní bí òun bá jẹ́wọ́ wọ́n á ní òun pàdánù, gbogbo ìrìn àjò á di òfo. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kò dénú òun. Ìyàwó jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Tí wọ́n bá tún bi yín lọ́la, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa wí?"

Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi iwájú orí kan sìmẹ́ńtì. Ìyá náà fẹ́ gbé aṣọ sínú báàgì lẹ́nu ọ̀nà. Ó yà fún un, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, bí èèyàn ṣe ń yà fún bẹ́ǹṣì.

"Ẹ dìde, ọ̀gá. Ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, kí lẹ ń bẹ̀ ẹ́ fún? Omi ni mo wá wò. Bí mo bá wò ó tán, màá padà sílé."

Lówùúrọ̀, ó ṣíwájú rẹ̀ lọ síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé èrò. Ó tò sórí ìlà láàárín àwọn òǹwòran, ó kí gbogbo èèyàn, nígbà tó kan Káfíńtà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní ẹ káàárọ̀, ọ̀gá, ẹ kú oríire àná. Gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń kí gbajúmọ̀ tí kò mọni. Adájọ́ fún un láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ níwájú. Káfíńtà jókòó sẹ́yìn wọn, àfi bí Dírẹ́bà Àgbà ṣe wá fi ìdí lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyà wo ló tún tó kí ẹni tí o rẹ́ jẹ máa yìn ọ́? Bàbá náà yìn ín. Ó ní bíṣọ́ọ̀bù yẹn, òun ti fi pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn, Káfíńtà nìkan ló fi ojú rí okùn tó wà nídìí rẹ̀. Ó ní kó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ikọ́ yẹn dùn ún, ọjọ́ ogbó ló ń sọ òun di ẹni tó ń fura sí gbogbo èèyàn. Káfíńtà ń sọ pé ẹ ṣeun, bàbá, ẹ ṣeun. Òógùn bò ó, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ojú fèrèsé.

Níwájú, Adájọ́ ń bẹ Ìyá Tìmùtìmù pé kó má bínú sí ti àná. Ìyá náà ní òfin ni òfin, kò sí ìbínú. Adájọ́ wá bi í pé ọkọ ńkọ́.

"Ó wà nílé. Káfíńtà lòun náà."

Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Aláró tí Káfíńtà nà nídìí ṣẹ́ẹ̀sì ní kí ìyá wá fi tilé wé ti ibí yìí wò, bóyá wọ́n jọra.

"Ìrísí lè jọra," ni Ìyá Tìmùtìmù wí, kò wẹ̀yìn. "Tèmi kì í purọ́."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọkọ rẹ̀ fún wọn. Kò sọ aburú kan. Ó ní nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro òun nídìí ẹ̀rọ, òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni, òun dé ṣọ́ọ̀bù lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, òun bá a pé ọkọ òun ti gé ẹsẹ̀ tábìlì ẹ̀rọ náà kúrú, ó ti wọn gíga òun lójú lásán, ó sì bá òun mu. Ó ní nígbà tí ọmọ àwọn ní ìgbóná ara, tí kò sí ọkọ̀, ẹ̀yìn ló fi pọ̀n ọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, àwọn èèyàn ń fi í rẹ́rìn-ín lójú títì pé ọkùnrin ń pọnmọ, kò tiẹ̀ wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní ọkọ òun yìí náà ló ṣèlérí omi yìí fún òun. Ó ní ó ti sọ pé kí òun máa lọ níwájú, ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Adájọ́ ní ọkọ rere ni. Ìyá Tìmùtìmù ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣèèyàn. Káfíńtà tó jókòó sẹ́yìn wọn fi ọwọ́ méjèèjì bo orúnkún, ó ń wo ilẹ̀ bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, òun náà ìbá fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Kí èèyàn tó rí omi ló ti máa ń gbọ́ ọ. Ìró rẹ̀ ń mi ilẹ̀ tìtì. Wọ́n gba ọ̀nà òkúta kan tó tutù tó ń yọ̀, wọ́n yà níbi igi kan, omi sì yọ sí wọn lójijì, ó ga, ó funfun, ó ń já bọ́ láìsinmi, kùrukùru rẹ̀ ń fọ́n sí wọn lójú. Ìyá Tìmùtìmù yọ àwòrán inú àpò. Ó gbé e sókè síwájú omi náà, ó wo èyí, ó wo tọ̀hún, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ló bá fi ìdùnnú yíjú sí apá òsì láti fi han ẹni tó máa ń wà lápá òsì rẹ̀.

Kò sí ẹnìkan níbẹ̀. Ó rí Káfíńtà lókèèrè, láàárín àwọn ọkùnrin. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ó rọra ká àwòrán náà, ó dá a padà sápò.

Ayàwòrán kan tó bá wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í to èèyàn. Ó ya gbogbo wọn pa pọ̀, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n máa wá ní méjì méjì. Ó ku Ìyá Tìmùtìmù nìkan. Dírẹ́bà Àgbà tó lójú àánú ti Káfíńtà léjìká, ó ní kó lọ dúró ti ìyá yẹn, kó má dá dúró nínú fọ́tò bí òpó iná.

Ìyá náà gbọ́, ó ju ọwọ́ nù. "Rárá o, bàbá, ẹ ṣeun. Ọkọ mi a máa jowú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ṣe é. Káfíńtà ṣí ẹnu.

"Èmi ni ọkọ wọn."

Omi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Dírẹ́bà Àgbà fi ọwọ́ sí etí, ó ní kí ló wí. Káfíńtà tún un wí. Aláró ní kí ló ń sọ nípa ọkọ. Ẹni tó fẹ́ fi ohùn jẹ́jẹ́ jẹ́wọ́, omi kò gbà fún un. Ó ní láti lanu bí ẹni ń polówó ọjà.

"Ìyàwó mi ni! Mo purọ́ lánàá! Ikọ́ yẹn, nítorí mi ló ṣe hú u, ikọ́ náà ni mo fi borí!"

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó kọ lu àpáta. Gbogbo wọn gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn àlejò tí kò mọ ohunkóhun nípa ṣẹ́ẹ̀sì pàápàá dúró wò ó. Ayàwòrán sọ ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀. Adájọ́ bọ́ dígí ojú, ó nu omi kúrò lára rẹ̀, ó gbé e padà, ó wo Ìyá Tìmùtìmù. Ìyá náà ń wo omi.

Kò sí ohun tó pẹ́ nínú ìdájọ́ náà. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni Adájọ́ ti ṣe é, ó ní Káfíńtà pàdánù, wọn kò sì ní pè é lọ́dún tó ń bọ̀. Káfíńtà gbé ife fún Dírẹ́bà Àgbà. Bàbá náà gbà á, ṣùgbọ́n kò gbé e sókè, abẹ́ àga ló tì í sí.

"Ikọ́ kọ́ ló dùn mí," ló sọ fún Káfíńtà. "Ikọ́ lè bọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo jókòó tì ọ́ láti àárọ̀, mo ń yìn ọ́, o sì ń dúpẹ́."

Ó dìde, ó lọ jókòó síbòmíràn. Nígbà tí wọ́n ń padà, kò sẹ́ni tó bá Káfíńtà sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó bú u, ìyẹn ló tún burú. Ìyàwó rẹ̀ wá jókòó sí àyè tó ṣófo náà, nítorí kò sí àyè mìíràn. Káfíńtà bi í bóyá inú rẹ̀ ti rọ̀. Ìyàwó ní, "Mo ti wo omi mi, ọ̀gá. Ẹ bá mi pariwo níbẹ̀ ṣá."

Wọ́n délé. Àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀bù ti ń retí, wọ́n bèèrè ife. Káfíńtà lè ní wọ́n jà á gbà lọ́wọ́ òun, wọn ìbá gbà á gbọ́. Ó sọ fún wọn bó ṣe rí, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń lẹ táyà kàn sọ pé ìyá yìí ni Káfíńtà sẹ́, ìyá tó ń fún gbogbo àwọn lómi mu.

Láti ọjọ́ náà, àìsàn kan mú Káfíńtà. Kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù tí kò ní nawọ́ sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ fún. Oníbàárà tuntun dé, á ní ìyàwó òun nìyí. Oníbàárà tó ti ń bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ dé, á ní ìyàwó òun nìyí. Ẹni tó wá ka mítà iná, ìyàwó òun nìyí. Ẹni tó ṣìnà tó wá bèèrè ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́, Káfíńtà kọ́kọ́ fi ìyàwó hàn án, kó tó fi ọ̀nà hàn án. Ìyá Tìmùtìmù á mi orí, píìnì á wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń sọ "ẹ" fún un síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú òwú yẹn. Ọ̀gá, oúnjẹ yín ti ṣetán.

Ó di ọjọ́ tí tíṣà fúnra rẹ̀ wá, tíṣà tó ti jẹun nílé wọn láìlóǹkà. Káfíńtà na ọwọ́.

"Tíṣà, ìyàwó mi nìyí."

Ìyá Tìmùtìmù yọ píìnì lẹ́nu, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó to wọ́n sórí aṣọ.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ó tó gẹ́ẹ́. Ṣé o fẹ́ fi ìtìjú pa mí ni? Wọ́n ti mọ̀. Ògiri gan-an ti mọ̀."

Káfíńtà gbọ́ "ìwọ", ó gbọ́ "o". Ọwọ́ rẹ̀ wà nínà síbẹ̀. Kò mọ ibi tó máa gbé e sí, ó fi tún fìlà rẹ̀ ṣe.

Tíṣà ní kí àwọn ta ẹyọ kan. Wọ́n tò ó. Ariwo bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń lẹ táyà pé jọ. Nígbà tó yá, tíṣà fi ilé ìṣọ́ kan sílẹ̀ gbayawu, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Káfíńtà mọ̀ pé ọrùn òun ti nà. Ó gbé ọwọ́ sókè lórí ẹṣin rẹ̀, ó dúró. Ó ń tẹ́tí sẹ́yìn. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́, gbogbo bẹ́ǹṣì náà sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí gbogbo wọn ló mọ ohun tó ń dúró dè.

Ikọ́ kò wá, ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Káfíńtà gbé ẹṣin náà, tíṣà sì há ọba rẹ̀.